Lámèyítọ́ Ìwé Ìdíyelé Fèrèsé Kan

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi á rántí pé mo máa ń sọ pé kò sí ìwé tó kéré jù láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ní ọdún kan, odidi wákàtí méjì la fi tú ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí oògùn ikọ́ wò, ẹ sì rẹ́rìn-ín títí. Ìwé tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju ojú-ewé méjì lọ. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe akéwì, kì í sì í ṣe òǹkọ̀tàn. Fèrèsé ló ń tà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá wa kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbí ní 1954, nígbà tí kòkó ń pa owó wọlé. Fèrèsé mẹ́rìnlá ló wà lára rẹ̀. Abala méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, pákó ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, ìta ni wọ́n sì ń ṣí sí. Lára abala kọ̀ọ̀kan, káfíńtà to pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lé ara wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá tilẹ̀ ti fèrèsé pa, afẹ́fẹ́ á ṣì máa gba àárín wọn wọlé, òjò kò sì ní lè wọlé. Abẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n bí mi sí.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham, ní London, wá sílé fún Ojúde Ọba. Ó yí ilé ká, ó ń mi orí. Ká sòótọ́, ohun tó rí kò dùn ún wò. Ikán ti jẹ ìdí fèrèsé mẹ́ta. Méjì kò ṣeé tì mọ́, okùn la fi ń so wọ́n. Ọ̀dà ti bó kúrò lára gbogbo wọn. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, àwọn fèrèsé yìí ti di ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí n fi owó ránṣẹ́, ká fi dọ́bù-gíléésì sí gbogbo rẹ̀ bíi ti ilé mi." Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó padà lọ tí ọkùnrin kan fi dé pẹ̀lú tépù, ó wọn gbogbo fèrèsé, ó sì fi ìwé ìdíyelé sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ojú-ewé kejì ìwé náà ni iye owó wà. Ti ojú-ewé kìíní ni mo fẹ́ sọ. Ìlérí mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ilé á tutù, ariwo kò ní wọlé, olè kò ní wọlé, ilé á di ti ìgbàlódé. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí èyí àkọ́kọ́ ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé á tutù

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1970, gíláàsì kan ṣoṣo ló wà lójú fèrèsé yàrá tí mo háyà. Bí mo bá jí ní àárọ̀ oṣù Kìíní, mo máa ń fi èékánná họ yìnyín kúrò lára gíláàsì náà, ní inú yàrá o, kì í ṣe níta. Ìyá onílé mi máa ń ká ìwé ìròyìn kí ó fi dí ẹsẹ̀ fèrèsé. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo kórìíra dọ́bù-gíléésì. Ká ní mo rí i nígbà náà ni, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Láti 2002 ni òfin ìkọ́lé ní England àti Wales ti là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi èyí tí kì í jẹ́ kí ooru sá jáde rọ́pò rẹ̀. Òfin tó bójú mu ni, níbi tí wọ́n ti ń sun gáàsì láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin kí ọmọ ènìyàn má bàa gan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ta mí lójú. Lọ́hùn-ún, ìlérí tí àwọn tó ń ta fèrèsé yìí máa ń ṣe ni pé ilé á móoru. Nígbà tó dé Ìjẹ̀bú, ìlérí ọ̀hún yí padà, ó di pé ilé á tutù. Gíláàsì kan náà, ìlérí méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn! Ẹni tó bá kọ́ nípa ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ ta gìrì níbí.

Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa? Rárá o. Gíláàsì méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fi àlàfo sáàárín wọn, tó sábà máa ń tó mìlímítà 16, wọ́n á sì lẹ etí rẹ̀ pa yíká. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tàbí gáàsì kan tó ń jẹ́ argon ló máa ń wà nínú àlàfo náà. Afẹ́fẹ́ tí kò lè rìn kì í tètè gbé ooru kọjá, nítorí náà ooru inú kì í tètè jáde, ooru ìta kì í sì í tètè wọlé. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ síwá sẹ́yìn. Àmọ́ ohun kan wà tí gbólóhùn náà gbé pamọ́. Ó ti gbà láì sọ ọ́ pé inú ilé yàtọ̀ gan-an sí ìta, àti pé ẹ̀rọ kan ló ń dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀. Ní London, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni. Níbí, ẹ̀rọ amúlétutù ni. Dọ́bù-gíléésì kì í dá òtútù sílẹ̀. Òtútù tí ẹ̀rọ ti dá ló ń ṣọ́. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá sí, ó dà bí ọlọ́dẹ tí wọ́n gbà pé kó wá ṣọ́ ilé òfìfo.

Ẹ wá jẹ́ ká bi ara wa: nínú yàrá wo ní ilé wa ni ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ láti alẹ́ títí di àárọ̀? Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní Band A sókè sí naira 225 fún kilowáàtì kan ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ kan bá ń jẹ kilowáàtì kan ní wákàtí kan, tí a sì tàn án fún wákàtí mẹ́jọ, naira 1,800 nìyẹn lóru ọjọ́ kan nígbà náà, fún yàrá kan ṣoṣo. Àwọn Band A yìí gan-an ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún fún lójúmọ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á san owó tó dín, á sì jókòó sínú òkùnkùn.

Oòrùn ńkọ́? Oòrùn kì í bá afẹ́fẹ́ du àlàfo. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń la gíláàsì kọjá, tó bá sì ti wọlé, ilẹ̀ àti ògiri á gbà á, á di ooru. Gíláàsì funfun kan ṣoṣo máa ń jẹ́ kí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ooru oòrùn wọlé. Bó bá di méjì, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣì ń wọlé. Irú kan wà tí wọ́n fi nǹkan kùn láti lé oòrùn padà, àmọ́ kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Pákó ní tirẹ̀, ìta ló ti ń dá oòrùn dúró. Bí a bá ti fèrèsé ìhà ìwọ̀-oòrùn pa ní agogo méjì ọ̀sán, ara pákó ni ooru máa pin sí, afẹ́fẹ́ á sì máa gba àárín rẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́.

Bó bá di òru ni ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Ní oṣù Kẹta, ògiri àti páànù tó ti yá oòrùn látàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru náà sínú yàrá. Lákòókò yẹn, ìta á ti tutù ju inú lọ. Ohun tí ilé ń fẹ́ nígbà náà ni kí ìta wọlé. Ìyẹn gan-an ni dọ́bù-gíléésì kò fẹ́.

Ṣí àti wọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Fèrèsé bàbá wa, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún un ni ṣí. "Lọ ṣí fèrèsé." Abala méjèèjì á yà sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo ojú ihò náà á sì dá gbalaja. Lúfà onígíláàsì tó dé lẹ́yìn ìyẹn náà, ṣí la ń lò fún un. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ fi sí ilé wa, sláídìn ni, bíi ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tó wà káàkiri báyìí. Ẹ tẹ́tí sí àwọn ọmọ inú ilé yín. Wọn kì í sábà sọ pé ṣí i, wọ́n á ní, "Wọ́ wíńdò yẹn." Etí wọn ni kò tàn wọ́n. Wọn kò ṣí nǹkan kan. Gíláàsì kan ni wọ́n wọ́ lọ sẹ́yìn ìkejì rẹ̀.

Mo mú tépù, mo wọn ọ̀kan. Ìwọ̀n mítà kan lé ogún sẹ̀ǹtímítà ló jẹ́ ní gígùn àti ní fífẹ̀. Bí a bá ṣí i, mítà onígun mẹ́rin 1.44 ni afẹ́fẹ́ ní láti gbà kọjá. Bó bá di sláídìn alábala méjì, ìdajì ni, 0.72, a kò tí ì yọ férémù alumíníọ̀mù kúrò níbẹ̀. Fún fèrèsé mẹ́rìnlá, ohun tó jẹ́ 20.16 á di 10.08. Owó la fẹ́ san láti fi dí ìdajì ihò imú ilé wa. Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò.

Àwọn kan á ní, "Prof, ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn." Ó dáa. Àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ló ń sùn ní yàrá ìsàlẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ikán jẹ fèrèsé rẹ̀, a sì fi sláídìn rọ́pò rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mi ò ní purọ́. Ó rọrùn láti nù, ó ń dán, ó sì ní nẹ́ẹ̀tì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi ń bá Ìyá lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, láàárín ẹ̀fọn. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì?" Wọ́n ní, "Tíṣà, yàrá yẹn kì í mí." Gbogbo ìwé tí mo kà kó tó kọ ohun tí mo kọ sókè yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Àlejò tó kọ́kọ́ wo ilé

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin kan máa sọ báyìí: pé bàbá àgbàlagbà yìí ń ṣọ̀fọ̀ ayé àtijọ́. Ẹ dúró ná. Fèrèsé onípákó yìí kì í ṣe ti baba ńlá wa. Ilé àtijọ́ wa kò gbójú lé fèrèsé rárá. Àgbàlá ni wọ́n fi ń mí. Àárín agbo ilé máa ń ṣí sójú ọ̀run, yàrá yí i ká, ìmọ́lẹ̀, omi òjò àti afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ògiri tó kọjú sí ìta sábà máa ń dí, tàbí kó ní ihò kéékèèké.

Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ni irú ilé tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí títì ti wá. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS ní Àgbádárìgì, tí wọ́n parí ní 1845, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bràsíl padà wá ló kún fún bíríkìlà àti káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, 1894, ṣì ń jẹ́rìí wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọ wa ti kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, tí ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀ gbayawu, irú ilé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àlejò ni fèrèsé wa, nígbà náà. Àmọ́ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni àlejò náà ti wá, níbi tí òjò ti ń rọ̀ pẹ̀lú ìjì, tí ara sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ yẹn lórúkọ.

Àwọn onímọ̀ náà sì ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1953, àpérò kan wáyé ní University College London lórí bí a ṣe yẹ kí a máa kọ́lé ní ilẹ̀ olóoru. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Manchester, Adédòkun Adéyẹmí, wà lára àwọn tó mú kí ó wáyé. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọkùnrin yìí jókòó sínú òtútù Manchester, ó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́lé, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò ní wúlò tó bí òun bá délé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Architectural Association ní London dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, Maxwell Fry sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Fry yìí àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ló ya àwòrán ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù oníhò àti bákónì tó ń bo ògiri mọ́ oòrùn. Ní 1956 ni ìwé wọn, Tropical Architecture in the Humid Zone, jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ rántí ilé Humanities tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, yàwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ìdí rẹ̀ tóóró, orí rẹ̀ fẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n dojú nǹkan dé. Àwọn àlejò máa ń rò pé ẹwà lásán ni. Àjà kọ̀ọ̀kan ló yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tó fi di agbòòrùn fún un. Oòrùn kì í rí ojú fèrèsé, òjò á sì máa rọ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde lọ ti nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ yín ló ti sùn nínú kíláàsì níbẹ̀, atẹ́gùn ló fà á, kì í ṣe lẹ́kíṣọ̀.

Ní 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London ṣe àfihàn ńlá kan lórí irú ìkọ́lé yìí. Owó ni èrò fi ń wọlé wò ó. Ní ọdún kan náà, àwa ń yọ ọ́ kúrò lára ògiri, a sì ń kó o sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n fi dáná.

Ariwo àti olè

Ìlérí kejì, òótọ́ ni. Dọ́bù-gíléésì máa ń dín ariwo kù, fèrèsé onípákó kò sì lè bá a du ìyẹn. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lẹ́bàá títì márosẹ̀, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, kò jẹ̀bi tó bá rà á. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú níbẹ̀, ó yẹ wọ́n. Nínú ilé tiwa, àkùkọ, ìpè àdúrà àti ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ni ariwo tó pọ̀ jù. Mi ò tí ì ṣe tán láti sanwó kí n má gbọ́ wọn mọ́.

Ìlérí kẹta kò dá mi lójú. Gíláàsì gíláàsì ni. Irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń dá olè dúró, a sì lè fi irin sí ẹ̀yìn fèrèsé èyíkéyìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju olè lọ ni èéfín. Ẹ ti gbọ́ ìròyìn àwọn ẹbí tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀yìn fèrèsé, tí wọ́n sùn, tí ilẹ̀ kò sì mọ́ bá wọn. Gáàsì olóró inú èéfín náà kì í ní òórùn tí ènìyàn á fi mọ̀ ọ́n. Ilé tí a bá lẹ pa dáadáa kì í tètè lé e jáde bó bá ti wọlé. Ti àìsàn tó ń gba afẹ́fẹ́ ràn náà wà níbẹ̀, bíi ikọ́ fée: ní 2009, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tẹ ìwé ìtọ́nà kan jáde lórí bí àwọn ilé ìwòsàn ṣe lè máa fi afẹ́fẹ́ ìta dín àkóràn kù. Fèrèsé ṣíṣí ni oògùn tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìgbàlódé

Ọ̀rọ̀ tó kù nìyí, òun ló sì le jù. Ìgbàlódé: ìgbà ló dé. Gbólóhùn odindi ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé, ìgbà ta ni? Ọ̀dọ̀ ta ló dé? Nítorí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí dọ́bù-gíléésì ti wá, bí ilé kan bá wà lára àwọn tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n ṣe pàtàkì, onílé kò lè ṣàdédé yọ fèrèsé onípákó rẹ̀ kó fi oníke síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tún ti àtijọ́ ṣe, wọ́n á sì fi gíláàsì kejì sí i láti inú. Àwọn tó ni ìgbà náà kò jẹ́ kó kó gbogbo nǹkan wọn lọ.

Níbí ńkọ́? Ilọ́jọ̀ Bar ní Ìta Tinúbú ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà láti 1855, tí ìjọba kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Bí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn sí ohun tí òfin dáàbò bò, ta ló máa gba fèrèsé ilé bàbá mi sílẹ̀? Kò sí òfin tó mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ nìkan ni.

Ohun tí fèrèsé wa ṣẹ̀

Lámèyítọ́ tó bá gbè sẹ́yìn ẹnìkan kì í ṣe lámèyítọ́. Ẹ̀fọn ń wọlé, ibà sì ń pa ènìyàn. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo àwọn ìwé mi. Bí òjò bá fi ìjì rọ̀, a ní láti ti gbogbo rẹ̀ pa, inú yàrá á ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Gíláàsì kò lè ṣe wá bẹ́ẹ̀. Pákó ìrókò ti wọ́n, ikán kò sì ń sinmi. Àìtọ́jú ló sì bá a jẹ́, ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti fèrèsé. Ọdún wo la fi ọ̀dà kùn ún kẹ́yìn? Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, mi ò rántí.

A ṣe ìpàdé ẹbí ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi bá wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Mo ka gbogbo èyí fún un, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́kíṣọ̀." Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Owó tó fẹ́ rán, iṣẹ́ alẹ́ ló fi rí i. Ó fẹ́ kí ilé bàbá wa fi hàn pé ọmọ wọn wà lókè òkun. Bí ènìyàn bá fi ìfẹ́ mú nǹkan wá, tí o ní kó gbé e padà, ọ̀rọ̀ náà lè di ìjà. Ìyá ló bá wa parí rẹ̀. Wọ́n bi í pé, "Tí o bá dé, oṣù mélòó lo ń lò?" Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní, "Èmi ńkọ́?"

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Yàrá òkè tí òun máa ń sùn sí, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ni a ó fi dọ́bù-gíléésì sí, ẹyọ kan. Ìyá á gba fèrèsé wọn padà. Àwọn yòókù, a ó tún wọn ṣe: pákó tuntun níbi tí ikán ti jẹ, oògùn ikán, ọ̀dà, àti férémù nẹ́ẹ̀tì láti inú tó máa bo gbogbo ojú fèrèsé, tó sì ṣeé yọ fọ̀. Owó tó bá ṣẹ́ kù, sílìn la ó fi ṣe sábẹ́ páànù, torí orí ni ooru tó pọ̀ jù ti ń wọlé, ìwé ìdíyelé náà kò sì sọ nǹkan kan nípa orí.

Ọ̀ràn kan ló kù. Káfíńtà kan ṣoṣo la rí ní àdúgbò wa tó ṣì mọ bí a ṣe ń to pákó ìdagẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, bàbá náà sì ti dàgbà jù mí lọ. Ọmọ rẹ̀ ń ṣe alumíníọ̀mù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí wọ́n jọ wá wo iṣẹ́ náà, bàbá ń fi ìka tọ́ ibi kọ̀ọ̀kan lára fèrèsé, ó ń dárúkọ wọn, ọmọ ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Mo jókòó lórí àga, mo ń gbọ́ orúkọ tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sábẹ́ fèrèsé yẹn, èmi tí mo fi ogójì ọdún kọ́ni ní èdè. Ojú tì mí. Mo mú bírò.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá nìyí fún gbogbo yín, àgbà kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá àgbàlagbà káfíńtà tó wà nítòsí yín, l'Ékìtì, l'Óndó, ní Ṣakí, ní Kétu, níbikíbi. Ẹ ní kó fọwọ́ kan fèrèsé onípákó, kó sì dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ohùn sílẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó fi fèrèsé náà dáná.